Kí Onílé Tó Ju Ẹ̀rọ Síídì Sí Ààtàn

Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, tí àwọn ìdílé ń gbá ilé, tí wọ́n ń kun ògiri, tí wọ́n sì ń palẹ̀ ẹrù àtijọ́ mọ́, ohun kan wà tí kì í pẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Ẹ̀rọ síídì ni. Eruku ti bò ó, wáyà rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, páálí àwọn àwo orin tí ó ń kọ tẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: "Ó ti kú." Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó pa á. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ó kú lóòótọ́.

Ìdájọ́ tí ó yá jù ni ìdájọ́ yìí, àṣìṣe sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ síídì tí wọ́n ń pè ní òkú ni kò ní àrùn kankan ju pé wọ́n gbé e sí ibi tí kò yẹ, pé wọ́n so wáyà rẹ̀ sódì, tàbí pé eruku ti bo ojú tí ó fi ń ríran. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ìdílé ń pàdánù, ọ̀rọ̀ náà ìbá má le tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tó wà nínú àwọn àwo náà ni ẹjọ́ wà. Irú rẹ̀ ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n mọ́.

Nígbà tí síídì gba ipò lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Yorùbá, inú rẹ̀ ni fújì, jùjú, wákà àti àpàlà wọ̀. Ọjà Alábà ní ìlú Èkó kún fún un, àwọn onípáálí sì ń kiri rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àwo olórin ńlá kò ṣòro láti tún rí. Bí ti ilé kan bá sọnù, ti ilé mìíràn yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àwo kejì wà tí ọjà kankan kò tà. Èyí ni àwo tí àwọn ayàwòrán àti olùgbohùnsílẹ̀ dà fún ìdílé lẹ́yìn ìnáwó. Ohùn olórin tó kí ọmọ olóòkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ohùn ìyá àgbà tó ki oríkì ìdílé láti orí baba ńlá dé orí ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀. Ìwàásù pásítọ̀ tàbí wáàsí ààfáà tí kò sí láyé mọ́ wà nínú rẹ̀. Àwo méjì tàbí mẹ́ta péré ni wọ́n sábà máa ń dà: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọmọ tó wà ní London tàbí Houston tí kò ráyè wálé. Bí ti ilé bá bá ẹ̀rọ lọ sí ààtàn, ó lè jẹ́ pé òpin oríkì náà nìyẹn.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka lílo ẹ̀rọ síídì sí ìmọ̀ àtijọ́ tí ayé ti kọjá. Ìmọ̀ tí ìdílé nílò báyìí ni. Ohun tó sì bani lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ilé rí. Ìwé kékeré tó ń bá ẹ̀rọ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ kì í sọ Yorùbá. Ẹni tó tà á gba owó, ó dì í, ó sì dágbére. Bàbá tàbí ìyá tó rà á ń tẹ bọ́tìnnì tí ọmọ bá nawọ́ sí. Bí àwo kò bá kọrin mọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé ìlànà síídì kalẹ̀, Sony sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó wọ ọjà, èyí tó ń jẹ́ CDP-101, ní Japan ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Àwo náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì nípọn ní mílímítà 1.2. A ti kọ ohùn sí inú rẹ̀ ní ìrísí àmì kéékèèké tí ojú kò lè rí, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwo, ó sì ń lọ sí etí, ìdàkejì àwo gírámáfóònù. Bí ènìyàn bá lè nà án tàntàn, tí àwo sì kún, gígùn rẹ̀ yóò ju kìlómítà 5 lọ. Abẹ́rẹ́ kankan kò fọwọ́ kàn án. Ìtànṣán lésà ló ń gba inú awẹ́ gíláàsì kékeré kan, ìyẹn lẹ́ńsì, kọjá sí ara àwo, tó ń ka àmì wọ̀nyí, tí ẹ̀rọ sì ń sọ wọ́n di ohùn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, iye 44,100 ni ó ń kà fún ohùn apá ọ̀tún, ó sì ń ka iye kan náà fún ti apá òsì.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún onílé kò le. Nítorí pé nǹkan kan kò ha àwo bí ó ti ń kọrin, orin kíkọ kì í jẹ ẹ́ tán bí ó ti ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì àti rẹ́kọ́ọ̀dù. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ríran, ohun tó bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà ni ọ̀tá rẹ̀: eruku, ọ̀rá ìka ọwọ́, ìrì àti ìhá. Nítorí pé ìlànà kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé, síídì orin tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1982 ṣì lè kọrin nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lónìí. Nǹkan ìgbàlódé tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kò pọ̀.

Ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Orí tábìlì tí kò mì, tó sì tẹ́jú, ni ààyè rẹ̀. Kò yẹ kí ó wà lórí sípíkà, nítorí bí ìlù bá ń dún kíkankíkan, ara sípíkà ń gbọ̀n, lẹ́ńsì sì lè ṣi ọ̀nà. Kò yẹ kí ó wà lórí ámúpílífáyà tó ń gbóná, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Aṣọ ọlọ́nà tí àwọn ìyá ilé fi ń bo ẹ̀rọ dára lójú, ó sì ń gba eruku dúró bí ẹ̀rọ bá ń sinmi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde.

Iná ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ púpọ̀ ti ń kú ikú òjijì. Fóòtì 230 ni ìwọ̀n iná Nàìjíríà àti ti Britain. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ẹ̀rọ tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti London lè wọ sókẹ́ẹ̀tì ilé ní Ìbàdàn láìsí ewu. Èyí tó ti New York wá lè jóná lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n náà sí. Àwọn kan ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i láti 120 sí 230. Èyí tí kò bá ní in gbọ́dọ̀ gba ara ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù, èyí tí àwọn oníná ń pè ní step-down. Ní ilé tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀, tí ó ń fò sókè tó ń wálẹ̀, sitabiláísà kì í ṣe fáàrí. Bí iná bá sì lọ, yíyọ ẹ̀rọ kúrò lára sókẹ́ẹ̀tì títí iná yóò fi padà, tí yóò sì fìdí múlẹ̀, sàn ju ẹ̀dùn ọkàn lọ.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, nǹkan méjì ló yẹ kí onílé ṣe kí ó tó tàn án. Àkọ́kọ́, kí ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa fi ìdè tàbí ìdérí há inú ẹ̀rọ kí ìrìn àjò má baà bà á jẹ́. Bí wọn kò bá yọ ọ́, lẹ́ńsì kò ní lè rìn, wọn yóò sì pe ẹ̀rọ tuntun ní òkú. Ìkejì, kí ó ní sùúrù. Ẹ̀rọ tó bá kúrò nínú òtútù bọ́ sínú yàrá tó gbóná, yálà láti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tàbí láti inú òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn ní Britain, lè ní ìrì lára lẹ́ńsì. Wákàtí kan tàbí méjì ti tó kí ìrì náà gbẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni wáyà. Ẹ̀rọ tí sípíkà bá mọ́ ọn lára kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tó dá dúró ni kò lè sọ̀rọ̀ sókè fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba ara ámúpílífáyà kọjá sí sípíkà. Wáyà ẹlẹ́nu méjì, pupa àti funfun, ni wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Pupa ni apá ọ̀tún, funfun ni apá òsì. Láti ibi tí wọ́n kọ OUT sí lẹ́yìn ẹ̀rọ síídì ni yóò ti jáde, ihò tí wọ́n kọ CD, AUX tàbí LINE sí lẹ́yìn ámúpílífáyà ni yóò sì wọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ohùn àwo gírámáfóònù kéré púpọ̀, PHONO sì wà láti sọ ọ́ di ńlá. Bí ohùn síídì tó ti lágbára bá gba ibẹ̀, yóò ya, yóò máa hó, onílé yóò sì máa bú àwo tí kò ṣẹ̀. Pípa ni kí gbogbo ẹ̀rọ wà nígbà tí a bá ń so wáyà. Bí a bá sì fẹ́ tàn wọ́n, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí bọ́tìnnì ohùn wà.

Lílò rẹ̀ kò ju ìwà jẹ́ẹ́jẹ́ lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bọ́tìnnì ni a fi ń ṣí àwo ìgbórin wọlé, bọ́tìnnì náà ni a fi ń tì í. Ẹni tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlé ń jẹ eyín irin inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Etí àti ihò àárín ni ọwọ́ ń dì síídì mú. Ojú tí a kọ nǹkan sí ni yóò kọjú sókè. Lẹ́yìn tí ó bá wọlé, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ tó wà nítòsí àárín àwo, yóò sì fi iye orin àti iye ìṣẹ́jú hàn. Kí ẹ̀rọ tó fi nọ́ńbà yẹn hàn, kò sí ìdí láti máa tẹ bọ́tìnnì káàkiri. Àmì onígun mẹ́ta ń mú orin bẹ̀rẹ̀, igi méjì tó dúró ń dá a dúró díẹ̀, àmì onígun mẹ́rin ń pa á. REPEAT ń mú orin padà wá, àwọn ẹ̀rọ kan sì lè tún apá kan ṣoṣo nínú orin sọ léraléra. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kò lè rí olùkọ́ tó ní sùúrù ju bọ́tìnnì yìí lọ.

Àṣìṣe ńlá kan tún wà níbí. Gbogbo àwo tó ń dán kọ́ ni síídì orin. Àwo fíìmù tí a mọ̀ sí VCD, DVD, àti àwo tí wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin MP3 sí, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ẹ̀rọ síídì àtijọ́ kò lè ka èyíkéyìí nínú wọn bó ṣe yẹ. Kí onílé tó sọ pé ẹ̀rọ ti kú, ó yẹ kí ó fi síídì orin gidi tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ dán an wò. Bí ìyẹn bá kọrin, tí èyí tí wọ́n dà nílé ìyàwòrán kò kọ, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àwo àdàkọ kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó àwo tí ilé iṣẹ́ tẹ̀, lẹ́ńsì tí eruku bò kì í sì í rí i dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ohùn bá ń jáde ní apá kan ṣoṣo. Kí onílé pa ẹ̀rọ, kí ó yọ pupa àti funfun níbi tí wọ́n ti wọ ámúpílífáyà, kí ó sì pààrọ̀ wọn. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá bọ́ sí sípíkà kejì, wáyà tàbí ẹ̀rọ síídì ló ní ẹjọ́. Bí ó bá dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ síídì mọ́ nínú ọ̀ràn náà; ámúpílífáyà tàbí sípíkà ni kí wọ́n lọ wò. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún yìí lè gba owó púpọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ alátùn-únṣe tó jẹ́ pé "lẹ́ńsì ti kú" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè.

Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ojú náà ni síídì fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni a fi ń nù ún, omi díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọwo tí kò le sì lè ràn án lọ́wọ́. Láti àárín lọ sí etí ní tààrà ni a ti ń nù ún, kì í ṣe ní yíyí po. Ìhá tó bá dábùú ọ̀nà, ẹ̀rọ lè fò ó, nítorí wọ́n ti fi ọgbọ́n àtúnṣe sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìhá tó bá bá ọ̀nà lọ ní gígùn ń jẹ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹrosíìnì, bẹntiróòlù àti tínà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀yìn tí wọ́n kọ orúkọ sí ni ó rọrùn jù láti bàjẹ́. Abẹ́ ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni àmì ohùn wà. Ẹni tó fi ṣọnṣọ bírò kọ "Ìsìnkú Màmá" sí i ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ohùn Màmá lójú. Ní ti lẹ́ńsì, pàápàá ní àkókò ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kí ó nù ún. Ìtànṣán inú ẹ̀rọ kò ṣeé fojú rí dáadáa, ó sì lè ṣe ojú níjàǹbá. Nítorí náà, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ tó wà lára iná.

Àwọn kan yóò sọ pé wàhálà yìí pọ̀ jù, pé fóònù ti gba iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ ṣe. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Fóònù fúyẹ́, orin rẹ̀ kò lóǹkà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ gbọ́ fújì nínú ọkọ̀ kò nílò láti gbé páálí. Ṣùgbọ́n orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìyáwó ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, olórin Neil Young ní kí wọ́n kó orin òun kúrò lórí Spotify nítorí àríyànjiyàn kan, wọ́n sì kó o kúrò. Owó tí àwọn olùgbọ́ ń san lóṣooṣù kò dá a dúró. Ẹni tó ní síídì rẹ̀ nílé kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, oríkì tí ìyá àgbà kì níbi ìnáwó ìdílé kò sí lórí Spotify rárá. Ilé iṣẹ́ kankan ní California kò ní bá ẹnikẹ́ni wá a.

Ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi gbọdọ̀ falẹ̀ ni pé àwo àdàkọ kì í wà títí láé. Aró ni wọ́n fi kọ ohùn sí inú rẹ̀, oòrùn àti ooru sì ń pa aró náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tàbí lórí dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn lè kọrin lónìí, kí ó má kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kọjá kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ nìkan. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà gbọ́ gbogbo àwo ìdílé, kí wọ́n ya èyí tí kò sí lọ́jà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí àdàkọ méjì ó kéré tán wà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọ àti mọ́sálásí tó ní àpótí ìwàásù àtijọ́ kò yọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò tó ní yàrá àwo náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sì yẹ kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé ọjà wọn fún oníbàárà ní èdè tí ó gbọ́.

Ẹ̀rọ tó bá kú lóòótọ́, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má sin ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e síta, ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n nù ún, kí wọ́n so ó bó ṣe yẹ, kí wọ́n fi àwo kan sí i, kí wọ́n sì dúró títí nọ́ńbà yóò fi hàn lójú rẹ̀. Bí ohùn bá jáde, ohùn ẹni ilé ni.